Ètè Tí Ebi Ń Pa Kò Ṣeé Fọn Fèrè

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀! Ẹni tó bá ti fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ààwẹ̀ á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ètè á máa gbọ̀n, èémí á gé, ohùn tó yẹ kó ròkè á kàn máa ṣe fúù. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan péré nìyẹn o.

Ní Leningrad, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ọjọ́ 872 ni ogun Jámánì fi sé ìlú mọ́. Nígbà òtútù ọdún 1941, ó dé orí pé búrẹ́dì gíráàmù 125 ni ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń rí jẹ lóòjọ́. Ìyẹn ò ju pẹlẹbẹ kan sí méjì lọ.

Kí wọ́n tó sé ìlú mọ́ ni Dmitri Shostakovich, òǹkọ̀wé orin tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, ti bẹ̀rẹ̀ símfónì rẹ̀ keje, ìyẹn orin gígùn fún ẹgbẹ́ olórin ńlá. Ẹ̀yìn ìgbà tó kúrò nílùú ló parí rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ló gbé ìwé orin ọ̀hún wọ̀lú. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló ń béèrè! Karl Eliasberg, tó ń darí ẹgbẹ́ olórin rédíò, pè wọ́n sí ìdánrawò. Àwọn 15 péré ló lè wá. Wọ́n fi oúnjẹ kún tiwọn, wọ́n tún lọ yọ àwọn tó mọ fèrè fọn láàárín ọmọ ogun. Àwọn kan kú kí ọjọ́ eré tó pé.

Ní 9 Oṣù Kẹjọ 1942, wọ́n ṣe é. Àwọn ìbọn ńlá Rọ́ṣíà ti kọ́kọ́ rọ̀jò lu ọ̀tá kí gbọ̀ngàn lè rójú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé orin náà dé etí àwọn ará Jámánì fúnra wọn.

Ẹnìkan bi mí pé kí ló kàn wá níbí. Mo ní kó gbójú sókè wo àpáta. Orí òkè wọ̀nyẹn ni àwọn baba ńlá wa sá gùn nígbà tí ogun Nupe ń kó wọn lẹ́rú, kí Bídà, olú ìlú Nupe, tó ṣubú ní 1897.

Nínú apá kìíní símfónì náà, ẹ tẹ́tí sí ìlù kékeré kan, irú èyí tí Boys' Brigade máa ń so mọ́ ìdí. Ìlù kan náà ni, kò yí padà. Fáyólìnì á bá a lọ, fèrè á gbà á, ohùn á máa gùn, títí gbogbo fèrè onírin á fi bú sí i. Àmọ́ níbẹ̀rẹ̀, ó rọra bí ìgbà tí àgbàdo ń já bọ́ sórí ẹní. Torí náà, ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná.