Ọ̀dà Mẹ́ta Lára Ògiri Kan: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Lọ sí Ilẹ̀ Apache

Mo bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Phoenix sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ lo ọ̀sẹ̀ kan láàárín àwọn Apache, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Whiteriver, ní ìlà-oòrùn Arizona. Àwọn òbí tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i nínú ìwé ètò yín pé ẹ fẹ́ "gbé ìyìnrere dé ọ̀dọ̀ àwọn Apache". Ẹ bá mi pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Láti 1893 ni àwọn ajíyìnrere ìjọ Luther ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Edgar Guenther, ọ̀kan nínú àwọn ajíyìnrere náà, dé ní 1911, òun àti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918 jà, èyí tí àwọn ará ilé wa ń pè ní lukuluku, tó mú kí àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde máa pé jọ gbàdúrà, ẹṣin ni Guenther ń gùn káàkiri àgọ́ wọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Alchesay, olóyè tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fún ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún akínkanjú ológun, ní 1875, di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gba ìrìbọmi lẹ́yìn náà. Guenther ti lo ọdún méje láàárín wọn kí àìsàn yẹn tó dé. Ọjọ́ méje ni tiyín.

Apá kejì ìtàn náà korò. Lẹ́yìn tí Geronimo, jagunjagun Apache, túúbá ní 1886, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn Chiricahua, ẹ̀ka Apache tirẹ̀, lọ sí Florida ní ẹlẹ́wọ̀n ogun, tọmọdé tìyá. Wọ́n já àwọn ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ Carlisle ní Pennsylvania. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ mìíràn, wọ́n ka èdè abínibí léèwọ̀ fún wọn. Ikọ́ ife pa púpọ̀ nínú wọn. Láti 1883 ni ìlànà ìjọba ti sọ ijó ẹ̀sìn wọn di ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin. Ó di 1978 kí Amẹ́ríkà tó ṣòfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn. Bí àgbàlagbà kan bá dúró lókèèrè tó ń wo bọ́ọ̀sì yín, ẹ mọ ohun tó ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan lọ, ògiri gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ní ká kùn. Mo ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà tó ti ń ṣí kúrò: funfun ló wà lókè, búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé tún wà lábẹ́ búlúù. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ tọ́ka sí i: "Funfun yẹn, èṣí ni. Búlúù yẹn, ọdún tó ṣáájú rẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè, mo rí àmì omi lára àjà. Òrùlé ló ń jò. Ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi bàbá yìí pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran.

Ohun tó máa le jù fún yín ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwa Yorùbá, ọmọ tó bá kọjá lára àgbà tí kò kí i, àbíìkọ́ ni. Lọ́dọ̀ àwọn Apache apá ìwọ̀-oòrùn, ẹni méjì tí kò mọra rí lè jókòó pọ̀ títí láìsọ̀rọ̀, kò sì sí ìbínú níbẹ̀. Ẹni tó bá sáré bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á máa rò ó pé kí ló ń wá. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí ní ọjọ́ méjì gbáko, kò wí nǹkan kan. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti abọ́ ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n fi èso igi óákù lílọ̀ sè sí iwájú mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkọ wọn tó ti kú. Ká ní mo ti fi ẹnu wá ọ̀rẹ́ wọn lọ́jọ́ kìíní, n kò ní gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá bá Sunrise Dance pàdé, ijó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin, ẹ fi fóònù yín sápò. Onígbàgbọ́ míì nínú wọn ń lọ síbẹ̀, òmíràn kì í lọ. Ẹjọ́ inú ilé wọn ni. Ní 2024, ní Mescalero, ilẹ̀ Apache mìíràn ní New Mexico, wọ́n gbé àwòrán Kristi tó múra bí oníṣègùn Apache kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì láìbi àwọn ọmọ ìjọ. Àwọn ọmọ ìjọ náà fárígá títí wọ́n fi dá a padà. Wọ́n mọ Kristi tí wọ́n ń sìn.

Mo ti pe pásítọ̀ tó máa gbà wá lálejò, Apache ni òun fúnra rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ká wá ṣe. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òtútù ibẹ̀ máa ń mú àwọn arúgbó, igi ìdáná ni wọ́n ń fẹ́, ká wá ní oṣù October, ká sì tún wá ní October tó ń bọ̀. Nítorí náà, a ò lọ ní June tí a fi sí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ dá ọ̀dà tí ẹ rà padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra àáké àti ìbọ̀wọ́.