Ọkọ̀ Tí A Ń Ka Ìrìn Rẹ̀

Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa, gbogbo ọmọ Yorùbá nílé lóko àti lẹ́yìn odi. Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ni mo jókòó sí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ọ̀kadà tàbí ti àkùkọ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ foríjì mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, bi mí ní ìbéèrè kan ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, nínú gbogbo ọkọ̀ tí ẹ ti fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́ yín, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé èyí tí ó le jù ni ẹ máa mú ni, àbí èyí tí ẹ lè máa gbé jáde lójoojúmọ́?” N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni mo fi ń jẹun láti ọdún 11 sẹ́yìn, irú àwọn ọkọ̀ olówó gọbọi wọ̀nyí sì ni wọ́n máa ń gbé wá fún wa, nítorí náà n kò fẹ́ fún ọmọdé ní èsì tí n kò tíì rò jinlẹ̀.

Supercar ni à ń pe ọkọ̀ eléré tí agbára rẹ̀ kọjá ti ọkọ̀ gbogboògbò lọ fíìfíì. Hypercar ni àwọn díẹ̀ tí ó tún ga ju ìyẹn lọ, tí ẹni tí ó ṣe wọ́n kò wo ti owó tàbí ti ìrọ̀rùn rárá. Bugatti Chiron tí ó jáde ní ọdún 2016 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ẹ́ńjìnnì lítà 8 tí ó ní sílíńdà 16 àti tọ́bò 4 (ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i), agbára ẹṣin 1,500, tí 500 péré sì jẹ́ iye tí wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n Chiron kọ́ ló gba ọkàn mi. Aston Martin Valkyrie ni. Adrian Newey, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdíje Formula 1 tí ó gba adé ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ló wà nídìí ìrísí rẹ̀, ilé iṣẹ́ Cosworth tí ó wà ní Northampton wa níbẹ̀ ló sì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀: sílíńdà 12, lítà 6.5, tí kò ní tọ́bò kankan, tí ó sì lè yí nígbà 11,100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n de ẹ́ńjìnnì yìí mọ́ ẹ̀yìn ibi ìjókòó gan-an, débi pé òun fúnra rẹ̀ wà lára egungun tí ó gbé ọkọ̀ náà dúró. Gbogbo ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ló ń bá ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn ara, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ ní láti de ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí kí wọ́n tó lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ga sókè bí ti ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ìdíje, sítíárìn rẹ̀ ṣeé yọ, kámẹ́rà ni wọ́n sì fi rọ́pò dígí ẹ̀gbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ọ̀kan létí mi, omi bọ́ lójú mi. Bí ìlù bàtá bá wọ ènìyàn lára tán, ẹsẹ̀ kì í bi orí léèrè kí ó tó gbéra. Bí ohùn náà ṣe ṣe mí nìyẹn.

Mo fẹ́ kí wọ́n máa ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. McLaren F1, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1992 sí 1998, ni ọkọ̀ títì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi carbon fibre, ohun èlò tí ó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tí ó le gan-an, mọ odindi àgọ́ ara rẹ̀, 106 péré sì ni wọ́n ṣe. Lónìí, irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn McLaren tí wọ́n ń ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ohun tí ojú mi ń rí níbi iṣẹ́ ló fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ẹ wo Mercedes-AMG One, tí ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 rẹ̀ ti inú ọkọ̀ Formula 1 wá. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ níwájú iná ojú pópó. Wàhálà kí ó lè rọra mí, kí èéfín rẹ̀ má sì rú òfin, wà lára ohun tí ó fà á tí ọkọ̀ tí wọ́n kéde ní ọdún 2017 fi di ọdún 2023 kí ti àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ oníbàárà. Nígbà ìkéde yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ pé, tí ó bá ti rin nǹkan bí 50,000 kìlómítà, wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ kí wọ́n tún un tò. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó ni ín yóò máa ka kìlómítà bí aláìsàn ṣe ń ka hóró oògùn tí ó kù nínú ìgò. Bí ìrìn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni iye tí ó lè tà á yóò máa já wálẹ̀, nítorí náà yóò fi aṣọ bò ó sínú gàráàjì. Mo ti ṣí ọkọ̀ kan tí ó ti pé ọdún 4 tí kò tíì rin 600 kìlómítà. Táyà rẹ̀ ti le láìjẹ, àwọn rọ́bà tí ń dí epo mọ́ ti gbẹ, bátìrì ti kú, ọ́ọ̀lì sì ti gbó láìṣiṣẹ́. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, nítorí mo mọ iye òru tí àwọn tí ó ṣe é kò fi ojú ba oorun.

Porsche 911 Turbo S tí ó jáde ní ọdún 2020 kò dẹ́rù ba ẹni tí ó ni ín bẹ́ẹ̀. Agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 650. Ìṣẹ́jú àáyá 2.7 ló fi ń bọ́ sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì lè sá dé 330. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, àpótí ẹrù wà níwájú rẹ̀, ìjókòó ọmọdé wà lẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì sanwó lé e lè ní bọ́tìnnì tí ń gbé imú rẹ̀ sókè kí ó má baà ha bọ́m̀pù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kò ní ẹ̀mí, pé ó ń fi eré pamọ́ fún awakọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí lójú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń sùn.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo wà á gba Sápọ́n gòkè lọ sí Aké. Ẹ mọ bí òkè ìlú wa ṣe rí, àti bí ọ̀nà ṣe ń fún láàárín àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú, tí bọ́m̀pù kan kò tíì tán tí òmíràn ti dé. Òǹkà kìlómítà 504 yìí ti yí dé òpin, ó ti padà sí òdo, bàbá mi kò sì fìgbà kan béèrè iye tí ó kù. Wọ́n fi kó iṣu láti oko Ọ̀dẹ̀dá, wọ́n fi gbé ìyàwó, wọ́n sì fi gbé èmi náà lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ibi òkè Aké yẹn ni mo ti mọ èyí tí n óò mú. 911 ni.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ọmọ náà, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ sunkún nítorí Valkyrie!” Mo sọ fún un pé Bugatti Veyron, tí ó ṣáájú Chiron, máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá fẹ́ sá eré tí ó ga jù, débi pé sẹ̀ǹtímítà 6.5 péré ni yóò kù láàárín imú rẹ̀ àti ilẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó mú rúlà iléèwé rẹ̀, a jọ lọ wọn bọ́m̀pù tí ó wà lẹ́nu àdúgbò wa: sẹ̀ǹtímítà 11. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ó kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ tí mo sọ fún un sábẹ́ rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sídìí Valkyrie síbẹ̀síbẹ̀.