Ẹni Tó Gba Oorun Lójú Ọba

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ kú àìsùn pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Ní Àkúrẹ́ níbí, ooru mú, iná ò sí, ẹ̀fọn ń kùn létí, owó ilé ìwé ọmọ ń jẹni lọ́kàn. Ẹ bá àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ohun kan náà lẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn: "Mi ò fojú ba oorun lóru àná." Ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó jáde.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Ẹ́sítérì, orí kẹfà, ẹsẹ kìíní. Ní òru ọjọ́ náà, ọba kò lè sùn. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìrántí wá, wọ́n sì kà á níwájú rẹ̀.

Ẹ wo ọba tí à ń wí o. Ahasuwérúsì, tó jọba lórí ìgbèríko 127, láti Íńdíà títí dé Etiópíà. Kò jẹ gbèsè. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀ ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, oorun kọ̀, kò wá. Ta ló gba oorun lójú rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń lọ nínú ìlú lọ́jọ́ náà gan-an. Hámánì, olórí ìjòyè ọba, ti ní kí wọ́n ri igi tó ga ní àádọ́ta ìgbọ̀nwọ́, nítorí Módékáì, ọkùnrin Júù tó kórìíra. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé tílẹ̀ bá mọ́, kó lọ bá ọba sọ ọ́, kí wọ́n so ọkùnrin náà kọ́. Igi ti wà nílẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu ọba nìkan.

Bí ọba bá sùn lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ohùn Hámánì ni ìbá kọ́kọ́ wọ etí rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ìwé títí, wọ́n kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Bígítánà àti Térẹ́ṣì, àwọn ìwẹ̀fà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gbìmọ̀ láti pa ọba, Módékáì ló sì tú àṣírí wọn. Ọba béèrè pé oore wo ni wọ́n ti ṣe fún un. Wọ́n ní wọn ò ṣe nǹkan kan. Àkókò yẹn gan-an ni Hámánì dé àgbàlá. Ó fẹ́ wá ro ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni, àmọ́ wọ́n ti ka ìwé kó tó dé! Ohun tí ọba kọ́kọ́ fi bi í ni ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹni tí ọba fẹ́ dá lọ́lá.

Èmi ò ní kúrò níbẹ̀ yẹn lónìí. Oorun ẹnì kan fò lọ, ẹ̀mí ẹlòmíì kò bọ́.

Ajá kan wà nílé wa, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Tó bá ti tó nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi, á máa fi èékánná họ igi ilẹ̀kùn. Á họ ọ́ díẹ̀, á dákẹ́, á gbé imú sí àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, á mí kanlẹ̀, á tún họ ọ́. Bó bá yá, àkùkọ aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ti ìsàlẹ̀ àdúgbò á dá a lóhùn, òkùnkùn ṣì ṣú biribiri. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan ti ṣe ìwádìí lórí àkùkọ, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2013. Wọ́n fi àwọn àkùkọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ibẹ̀ kì í yí padà, tí wọn ò lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Síbẹ̀ wọ́n ń kọ nígbà tó yẹ kí wọ́n kọ. Aago tí Ẹlẹ́dàá fi sínú wọn ni wọ́n ń tẹ̀lé. Olúwa, fi irú rẹ̀ sínú àwa náà, ká lè ké pè ọ́ nígbà tí a ò tíì rí ìmọ́lẹ̀ kankan.

Irú òru bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi dún. Ọmọ mi obìnrin ni, tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Alẹ́ ṣì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n ti fi ìwé pè é pé kó wá ṣe júrì ní kóòtù, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n sì ń sọ bóyá ẹnì kan jẹ̀bi. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀: inú ìwé àwọn olùdìbò àti ti àwọn tó ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣa orúkọ, kì í ṣe inú àwọn lọ́yà. Nọ́ọ̀sì lè bọ́ sí i, awakọ̀ lè bọ́ sí i, bó bá ṣáà ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Tí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá wúwo, èèyàn 12 ni wọ́n ń jókòó gbọ́ ọ, ẹnu gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ kò kí wọ́n tó lè ní ẹnì kan jẹ̀bi. Ọdún 2020 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀ pé ẹnu wọn gbọ́dọ̀ kò bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mo ti jí yín. Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà o. Adájọ́ ti kìlọ̀ fún wa, a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, a ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí oorun sùn ni. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má ṣi ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ dá."

Ó ní àwọn kan ti gba òun nímọ̀ràn pé kí òun wá àwáwí, kí wọ́n lè yọ òun kúrò níbẹ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹnì kan ló jókòó níwájú wọn. Ìyá ẹnì kan kò sì sùn nítorí ẹnì kejì, ẹni tí wọ́n ṣe ibi sí. Bí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run bá sá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò kù?

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ìyá kan nínú ìjọ wa ló bọ́ sí mi lọ́kàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà látìmọ́lé, ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí. Ní tiwa kò sí júrì, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ọ, òun náà ló ń dá a. Ìyá yìí á dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, á bu ìrẹsì sínú kúlà, á jókòó sórí bẹ́ńṣì níta kóòtù. Nígbà mìíràn, akọ̀wé á jáde wá sọ pé kóòtù ò ní jókòó lónìí, wọ́n ti sún ẹjọ́ síwájú. Á tú gèlè, á tún un wé, á gbé kúlà rẹ̀, á sì máa lọ. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní orílẹ̀-èdè wa, a ò tíì dá wọn lẹ́bi. Ìdájọ́ ni wọ́n ń retí. Bí a ṣe ń sùn tí à ń jí ní Àkúrẹ́ yìí, àwọn kan wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta tó ń fi ojú ka àjà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: tí oorun bá dá lójú rẹ lóru, má fi òru náà ka wàhálà rẹ ní àkàtúnkà. Béèrè pé, "Olúwa, ìwé ta lẹ fẹ́ kí n ṣí?" Orúkọ tó bá bọ́ sí ọ lọ́kàn, gbé e lọ síwájú ìtẹ́. (Àìsùn tó jẹ́ ti àìsàn wà o. Ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ rí dókítà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Dókítà kì í ṣe ọ̀tá àdúrà.) Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn. Kò ní kí àwa máa ṣọ́ ayé mọ́jú. Ó kàn ń jí wa nígbà mìíràn kí á lè bá a dá sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni.

Ẹ dìde dúró bí ara yín bá gbà á. Ẹni tó wà lórí àìsàn, kó jókòó, Ọlọ́run ń gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ pé a jí. Àwọn tó sàn jù wá lọ sùn lánàá, wọn ò jí. A dúpẹ́ fún òru tí a sùn, a dúpẹ́ fún èyí tí a ò sùn.

Olúwa, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí orí ń fọ́ ọ, tó tún gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́, dì í mú lónìí. Má jẹ́ kó ṣubú, má jẹ́ kó fi ìbínú àìsùn sọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀. Ní alẹ́ òní, fún un ní oorun olùfẹ́ rẹ, oorun tí kò ní àlá burúkú, oorun tí èèyàn á jí nínú rẹ̀ tí ara á fúyẹ́.

Abiyamọ tó gbé ọmọ jòjòló mọ́ àyà mọ́jú, Olúwa, tù ú lára. Arúgbó tí ẹsẹ̀ ń ro lóru, fọwọ́ kàn án. Opó tó ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn tí kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, Bàbá, dúró tì í.

Jésù Alágbàwí wa, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kóòtù lónìí, dúró fún un. Ẹni tó jẹ̀bi, fún un ní ìrònúpìwàdà kí àánú lè bá a. Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, tí wọ́n kó mọ́ra lójú pópó, tí kò ní lọ́yà, tí kò rí onídùúró, dìde fún un! Fáìlì tó sọnù, kí wọ́n rí i lónìí. Ẹlẹ́rìí tó sá, kó padà wá sọ òtítọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ń sún síwájú láti ọdún dé ọdún, Olúwa, ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹ gbàdúrà fún àwọn adájọ́ wa. Olúwa, fi ẹ̀rù rẹ sí wọn láyà. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó bá fẹ́ dé ọwọ́ wọn, kó gbóná lọ́wọ́ wọn kí wọ́n sọ ọ́ nù. Kí ẹjọ́ aláìní gba oorun lójú wọn títí wọn ó fi dá a bó ṣe yẹ.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, àwọn tí wọ́n pè sí júrì lọ́sẹ̀ yìí, fún wọn ní etí tó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Kí wọ́n má tìtorí àárẹ̀ gbà pé kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ kíákíá kí àwọn lè lọ sílé. Kí wọ́n má wo àwọ̀ ara. Kí wọ́n má wo aṣọ. Bí ó bá ku ẹyọ ẹnì kan tó rí òtítọ́ láàárín èèyàn 12, fún un ní ọkàn akin kó lè sọ ọ́.

Ọlọ́run ẹ̀san, a ò gbàgbé Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn nínú ilé ìjọsìn Francis Mímọ́. Àwọn kan wà ní Ọ̀wọ̀ tí oorun wọn kò tíì padà dọ́gba láti ọjọ́ náà. Bàbá, lọ bá wọn nínú yàrá wọn. Nu ojú wọn nù. Má jẹ́ kí ìdájọ́ òdodo sùn lórí ẹ̀jẹ̀ yẹn!

Ẹ gbé ohùn yín sókè báyìí. Gbogbo Hámánì tó ti ri igi sílẹ̀ de ẹ̀mí mi, de ọmọ mi, de iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí ó tó dé àgbàlá, kí wọ́n ti ka ìwé oore mi! Kí ọba tó dìde ṣe mí lóore má rí oorun sùn! Ẹni tó jókòó lé fáìlì ìgbéga mi, ẹni tó jókòó lé owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi, ẹni tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ mi tó pa ẹnu mọ́, Olúwa, gba oorun lójú rẹ̀ lálẹ́ òní! Gbà á lójú rẹ̀ lọ́la! Kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì, kó má gbádùn àfi tó bá ṣe ohun tó tọ́! Oore tí mo ṣe tí wọ́n gbàgbé, ẹ ṣí ìwé! Omijé tí mo sun ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ṣí ìwé! Igi tí wọ́n rì fún mi, mi ò ní gùn ún! Ọmọ mi ò ní gùn ún! Ẹ ṣí ìwé, ẹ̀yin áńgẹ́lì Ọlọ́run, ẹ ṣí ìwé!

Ọmọ ìyá yẹn tó wà látìmọ́lé, Jésù, mo dárúkọ rẹ̀ fún ọ nínú yàrá mi, o mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún pe ẹjọ́ rẹ̀, kí kóòtù jókòó. Kí adájọ́ wá, kí lọ́yà wá, kí ẹlẹ́rìí wá. Kí ìyá rẹ̀ fi kúlà ìrẹsì yẹn bọ́ ọ nílé ara rẹ̀.

Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.