Ìgbà Tí Kíkọ̀ Láti Díje Máa Ń Dun Ìjọba

Àwọn tó ní ká má ti òṣèlú bọ eré ìdárayá, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ní South Africa láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àwọ̀ ara ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní ẹ̀wù Springboks, ikọ̀ rugby wọn. Òṣèlú ti wà lórí pápá kí fèrè tó dún. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà wọ́n láàyè ní Olíńpíìkì Tokyo lọ́dún 1964, tí wọ́n sì lé wọn kúrò pátápátá lọ́dún 1970.

Àmọ́ rugby ṣì ń lọ ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto. Oṣù náà ò tíì parí tí All Blacks, ikọ̀ rugby New Zealand, fi gúnlẹ̀ sí South Africa láti wá gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní kí wọ́n yọ New Zealand kúrò ní Olíńpíìkì Montreal. Ìgbìmọ̀ Olíńpíìkì ní rugby kò sí lára eré tàwọn. Ni orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 bá yọwọ́, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó bá a lọ. Lọ́dún 1974 ní Christchurch, Filbert Bayi ọmọ Tanzania ló ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré 1500 mítà, ó fi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32.2 sá a. Kò sẹ́ni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. John Walker ọmọ New Zealand ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Gbogbo ayé ń retí kí wọ́n tún pàdé ní Montreal. Tanzania yọwọ́. Walker gba wúrà, àmọ́ ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 39 ló fi sá a.

Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀bẹ̀ Áfíríkà já sófo. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àwọn olórí Commonwealth fọwọ́ sí àdéhùn Gleneagles, pé àwọn ò ní máa ti eré pẹ̀lú South Africa lẹ́yìn mọ́. Nígbà tí Springboks dé New Zealand lọ́dún 1981, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ya wọ pápá Hamilton, tí ìdíje ọjọ́ náà fi fọ́. Èrò mi ni pé inú eré gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, inú eré náà ni ìyà ti tọ́ sí i, wọ́n sì di ìyà náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1992 ni South Africa tó padà sí Olíńpíìkì.

Ti Olíńpíìkì Moscow 1980 kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọmọ ogun Soviet, tí Moscow jẹ́ olú-ìlú wọn, wọ Afghanistan ni Amẹ́ríkà ṣe kọ̀ láti lọ, síbẹ̀ ọdún 1989 ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ààrẹ Carter rán Muhammad Ali sí Áfíríkà láti pàrọwà kí wọ́n má lọ, Nyerere, ààrẹ Tanzania, ò tilẹ̀ gbà láti rí i. Tanzania lọ sí Moscow. Bayi gba fàdákà níbẹ̀, nínú eré 3000 mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà àti omi. Wúrà 1500 mítà ò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Olíńpíìkì kankan.