Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ọjọ́ Tí Èsì Yóò Dé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùdarí eré ìtàn àkọpọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ nìyí. Nínú eré yìí, òǹṣeré kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, wọ́n á sì máa kọ èsì síra wọn kí ìtàn lè máa lọ; olùdarí ló ń tọ́ ọ. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹni tí yóò kà á lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè tó já lu ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ síbi tó ti wáyé.

Ẹ kú ìjókòó o. Ìṣirò ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Nínú Dungeons & Dragons, eré ìtàn àkọpọ̀ tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe, ìyípo ìjà kan, tí ọ̀rọ̀ kan kálukú lẹ́ẹ̀kan, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ nínú ìtàn. Ẹ wá gbé ìjà yẹn sórí Discord, níbi tí à ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òǹṣeré 5 ló wà níbẹ̀, olùdarí ṣìkẹfà wọn. Òfin ní kí wọ́n máa fèsì lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò wọ́n, kí kálukú sì ní wákàtí 24. Bí kálukú bá lo wákàtí tirẹ̀ tán, ọjọ́ 6 ni ìyípo kan. Ìyípo 4 ti di ọjọ́ 24. Ìjà tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ oṣù kan tán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rú òfin.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ rí i? Ìlọ́ra ló ń pa eré.” Èmi ò gbà. Ohun tó ń pa eré ni pé a ò mọ ọjọ́ tí èsì yóò dé. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, màá sì máa tún un sọ títí wọ́n á fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ọmọbìnrin kan kọ èsì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé: Àdùnní fa ọ̀bẹ yọ lábẹ́ ìró, ó wo Balógun lójú, ó ní, “Ta ló rán ọ?” Inú rẹ̀ dùn sí gbólóhùn yẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń yẹ fóònù wò ṣáá. Lọ́jọ́rú, ó tún èsì rẹ̀ kà, ó ń rò ó pé bóyá kò dùn tó. Lọ́jọ́bọ̀, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti wọ eré mìíràn. Ẹni tó ni Balógun ń ṣe ìdánwò ni. Ó ti fi í sọ́kàn pé tó bá di Sátidé òun á fèsì, ó sì fèsì lóòótọ́, àmọ́ kò bá ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Ká ní wọ́n ti sọ fún ẹni tó ni Àdùnní látọjọ́ Ajé pé Sátidé ni, ì bá fọkàn balẹ̀, ì bá tiẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ yẹn ronú ohun tí òun máa ṣe tẹ̀lé e.

Gbogbo yín lẹ mọ MUD, eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe, tí Roy Trubshaw àti Richard Bartle ṣe ní Yunifásítì Essex ní 1978. Níbẹ̀, àwọn òǹṣeré jọ wà lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń fi dandan lé e pé ká máa fèsì kíákíá rò pé ìdílé MUD la ti wá. Rárá o, ìdílé lẹ́tà la ti wá. Ní 1963, John Boardman ní Brooklyn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn kékeré kan, Graustark, darí Diplomacy, eré ogun orí pátákó, fún àwọn tí kò gbé ìlú kan náà. Òǹṣeré 7 ni eré yẹn ń fẹ́. Kálukú á kọ àṣẹ tó pa fún ọmọ ogun rẹ̀, á fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Olóòtú á wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì tẹ àbájáde jáde. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ò bá dé, ọmọ ogun rẹ̀ á dúró lójú kan, eré á sì máa lọ. Irú eré bẹ́ẹ̀ lè gbà ju ọdún kan lọ, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é. Wọ́n mọ ọjọ́ ni. Bí èésú ló rí: iye tí à ń dá lè kéré, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ọjọ́ tí a máa dá a.

Mo mọ̀ pé olùdarí wà nínú gbọ̀ngán yìí tí òfin rẹ̀ kò ju “fèsì nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn” lọ. Ó kà á sí inúure. Kì í ṣe inúure. Bí o kò bá dá ọjọ́, o ti gbé ẹrù yẹn lé òǹṣeré tó nítìjú jù lórí. Òun ni yóò máa rò ó bóyá kí òun béèrè tàbí kí òun dákẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń yọ àwọn lẹ́nu.

Báwo la ṣe ń dá ọjọ́? Ẹ má bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n lè fèsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló ń sọ pé lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n pé: lọ́sẹ̀ tó burú jù ńkọ́, tí iná ò sí, tí dátà tán, tí ọ̀gá ní kí o wá síbi iṣẹ́ ní Sátidé? Ìdáhùn tó kéré jù lọ ni kí ẹ fi ṣòfin. Ẹ sì rántí ibi tí kálukú ń gbé. Lásìkò òtútù, nígbà tí ọmọ wa ní Houston bá délé láti ibi iṣẹ́ laago 6 ìrọ̀lẹ́, aago 1 òru ti lù l'Ékòó. Tí ẹ bá fún àwọn méjèèjì ní wákàtí 24, oorun ẹnì kan ti jẹ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ẹnì kejì ti jẹ ìyókù. Mi ò lè gba ohunkóhun tó bá kéré sí wákàtí 48 fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti nawọ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń pẹ́ nìkan lẹ ń bá wí. Àwọn tó ń yára ló lé èmi kúrò nínú eré. Mo sùn, mo jí, àwọn méjì ti kọ èsì mọ́jú. Wọ́n ti kúrò láàfin, wọ́n ti sọdá odò, wọ́n ti bá ọ̀tá ṣàdéhùn. Ẹ̀dá ìtàn tèmi ṣì dúró lẹ́nu géètì.”

Ó ṣeun gan-an. Mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ nítorí ìbéèrè yìí. Òfin tó sọ iye tó kéré jù láìsọ iye tó pọ̀ jù, ìdajì òfin ni. Arábìnrin yìí náà ò mọ ọjọ́! Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa kàn án, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé: tí o bá ti fèsì, ẹni méjì mìíràn tàbí olùdarí gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí o tó tún sọ. Tí àwọn méjì bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wérọ̀ mọ́jú, ẹ ya ojú ìwé tiwọn sọ́tọ̀ fún wọn. Wọ́n lè sunkún níbẹ̀, wọ́n lè fẹ́ra wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ sọdá odò. Ọ̀pọ̀ olùdarí kì í bá àwọn tó ń sáré wí, torí pé àwọn ló ń mú kí eré dà bí ohun tó ń gbóná. Ẹ ka iye èèyàn tó ń sọ̀rọ̀, ẹ má ka iye èsì.

Wọ́n ti ń na ìwé “ìṣẹ́jú 5” sí mi, nítorí náà màá yára. Nínú ìjà, ẹ má to èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Kí gbogbo wọn kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe láàárín wákàtí 48, kí olùdarí ju dáìsì, kó sì parí ìyípo náà lẹ́ẹ̀kan, bíi ti Boardman. Ọjọ́ 24 yẹn á di nǹkan bí 8. Ẹni tí kò bá fèsì, kí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ gbé asà sókè, kó dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ má pa á nígbà tí ẹni tó ni ín kò sí. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, kó fi ìlà kan sílẹ̀. Kí òfin sì de olùdarí ṣáájú gbogbo èèyàn, torí òun ló sábà máa ń pẹ́ jù.

Bàbá kan béèrè níparí pé bí olùdarí fúnra rẹ̀ bá wá pòórá ńkọ́. Ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti yan igbákejì, kí gbogbo òǹṣeré mọ orúkọ rẹ̀. Bí olùdarí bá dákẹ́ fún ọjọ́ 7 láìsọ nǹkan kan, igbákejì á gba eré. Olùdarí gbọ́dọ̀ ti fi àkọsílẹ̀ lé e lọ́wọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta: ta ló jí adé, ibo ló gbé e sí, ta ló mọ̀ tí kò tíì sọ.