Ìbẹ̀rù Àdánù Nínú Òṣèlú

Ká ní ẹ̀yin ni mínísítà ètò ìlera. Àjàkálẹ̀ àrùn kan ń bọ̀, 600 èèyàn ló sì máa pa bí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe. Wọ́n gbé ọ̀nà méjì síwájú yín. Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́, 200 èèyàn á yè, ó dájú. Èkejì, tẹ́tẹ́ ni: ìdá kan nínú mẹ́ta pé gbogbo wọn á yè, ìdá méjì pé kò sẹ́ni tó máa yè. Èwo lẹ máa mú? Ẹ dáhùn lọ́kàn yín ná.

Amos Tversky àti Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Nínú ọgọ́rùn-ún, 72 ló mú ọ̀nà tó dájú. Wọ́n wá lọ bá àwọn míì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò sọ pé 200 á yè mọ́. Wọ́n ní 400 á kú. Ẹ ṣírò ó wò, ọ̀kan náà ni. Síbẹ̀, 78 nínú ọgọ́rùn-ún sá fún ọ̀nà tó dájú, wọ́n lọ ta tẹ́tẹ́.

Kí ló dé? Oró àdánù máa ń wọ̀ wá lára ju adùn èrè lọ, kódà bí iye wọn bá dọ́gba. Ẹni tó ń wo èrè máa ń rọra ṣe. Ẹni tó ń wo àdánù lè fi èyí tó kù wewu.

Ẹ wá gbé e dé ilé ìjọba. Olórí tí ogun ń dà rú mọ́ lọ́wọ́ kì í fẹ́ padà sẹ́yìn, torí pípadà ni àdánù tó dájú. Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun ìjà orí ilẹ̀ lọ sí Vietnam lọ́dún 1965. Nígbà tó fi máa di 1968, wọ́n ti lé ní 500,000. N ò ní kí ẹ di gbogbo ẹrù ogun yẹn lé ìbẹ̀rù àdánù lórí o. Òṣèlú abẹ́lé wà ńbẹ̀, ìbẹ̀rù àwọn Kọ́múnísítì náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ẹ̀mí tó ti lọ ò gbọdọ̀ lọ lásán, ẹ̀mí míì ló máa ná sí i.

Ohun kan náà ló ń mú kí àtúnṣe òfin nira. Bí ìjọba bá fẹ́ fagi lé ẹ̀dínwó owó orí kan, àwọn tó ń jẹ ẹ́ mọ ara wọn, wọ́n sì mọ iye tó máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó máa jàǹfààní kò tiẹ̀ tíì mọ̀ pé àwọn ni. Olóṣèlú tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé òun ń gba nǹkan. Á ní òun ń dá ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ yín padà.

Iyì náà ṣeé pàdánù. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ṣáájú ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn olùwádìí fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ilé kan. Wọ́n kọ orúkọ ará ilé àti aládùúgbò tó dìbò nígbà tó kọjá àti èyí tí kò dì síbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn á tún fi òmíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ìdìbò. Nínú àwọn tí kò rí lẹ́tà kankan gbà, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò. Nínú àwọn tó gba èyí, nǹkan bí 38. Lẹ́tà náà kò sì polongo fún olùdíje kankan.