Séèfù tí kọ̀ǹpútà ní òun ti ṣe, ibo ló wà?

Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ti kó fíìmù ńlá sínú fláàṣì lórí Linux rí, tó ní òun ti parí kíá, inú yín ń dùn, ẹ wá tẹ eject, ló bá dúró síbẹ̀, iná ara fláàṣì ń ṣẹ́jú, ẹ ń bínú? Ẹ má yọ ọ́ o. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo alájọ. Ẹ fún un lówó, ó sàmì sí káàdì yín, ó bá tiẹ̀ lọ. Káàdì ní owó ti wọlé, àmọ́ inú báàgì tó gbé kọ́rùn lowó wà, kò tíì dé báǹkì. Bí kernel Linux, ìyẹn software tó ń darí kọ̀ǹpútà látìsàlẹ̀, ṣe ń ṣe nìyẹn. Inú RAM, ibi tí nǹkan ti ń pòórá tí iná bá lọ, ló ń kọ́kọ́ tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 30 sẹ́kọ́ńdì kó tó forí lé dísìkì. Tí wọ́n bá mú iná láàárín ìgbà yẹn, ó ti lọ nìyẹn. App tí ò bá fẹ́ wàhálà, bíi dátábéèsì, á pe fsync: alájọ, lọ báǹkì báyìí, mò ń dúró dè ẹ́.

Àmọ́ dísìkì náà ní alájọ tiẹ̀! RAM kékeré kan wà nínú hard disk, ó wà nínú ọ̀pọ̀ SSD náà, tí dátà bá ti débẹ̀ báyìí dísìkì á ti dáhùn pé mo ti gbà á, kò sì tíì kọ nǹkan kan síbi tí iná ò ti lè pa á rẹ́. Torí ẹ̀ ni àṣẹ FLUSH CACHE ṣe wà lórí SATA, tí NVMe ń pè ní Flush lásán (ọ̀nà tí dísìkì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ làwọn méjèèjì). Tó bá ti gba àṣẹ yẹn, ó gbọ́dọ̀ tú báàgì kalẹ̀ kó tó dáhùn.

Èyí tó wá le jù ni ètò: kí lo kọ́kọ́ kọ, kí ló tẹ̀ lé e. Ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Linux sábà máa ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ń kọ àyípadà sínú journal, bí ìwé àkọsílẹ̀, á wá fi commit block tì í, bí ẹni buwọ́ lùwé. Dísìkì tí ò rí flush lè to iṣẹ́ bó ṣe wù ú, kó kọ ìbuwọ́lù kó tó kọ ìwé fúnra ẹ̀. Kí iná wá lọ níbẹ̀! Tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà padà, ìbuwọ́lù wà, ohun tó wà lókè ẹ̀ jẹ́ pàǹtí. Ìdí nìyẹn tí ext4 fi ń ti flush bọ àárín méjèèjì, tó sì ń fi àmì FUA sí commit block, pé èyí ò gbọdọ̀ sùn nínú báàgì rárá. (Lórí Mac, fsync nìkan kì í sọ fún dísìkì pé kó tú báàgì o, F_FULLFSYNC lẹ máa lò.)

Lóòótọ́ flush ń fa nǹkan sẹ́yìn, torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń fi barrier=0, tó ń pa flush yẹn, mount ext4 (ìyẹn ni pé wọ́n ń fi ṣí dísìkì fún lílò). Tí SSD yín ò bá ní capacitor, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀, tó lè gbé e dópin tí iná bá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán barrier=0 wò.

Ẹ ṣí terminal, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ cat /sys/block/sda/queue/write_cache (sda ni orúkọ dísìkì, ẹ fi ti yín rọ́pò ẹ̀). Tó bá ní write through, kernel ò ní rán flush sí i rárá. Tó bá ní write back, alájọ inú dísìkì wà nílé, kernel á máa rán flush sí i. Tèmi rèé lójú screen yìí: write back.